Ọwọ́ Ẹja

Ayùn ti ṣèèṣì gé òkúta náà kí wọ́n tó gbé e dé orí tábìlì mi. Àwọn méjì ló gbé e wá, wọ́n sì sọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni ju òkú ajá. Wọ́n ní kò ṣe é lẹ̀ mọ́, kí n gbé e lọ sílé bí mo bá fẹ́, àbí kí àwọn dà á sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń lọ òkúta.

Iṣẹ́ mi ni òkúta lílẹ̀. Bí òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fẹ́ tẹ́ sílẹ̀ pálọ̀ bá sán, èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá. Màá po ìyẹ̀fun òkúta mọ́ gọ́ọ̀mù, màá fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kì í sójú ibi tó sán, màá fi sáńdípépà ha á títí ojú kò fi ní mọ ibi tí àlébù wà. Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún nígbà náà tí mo ti ń ṣe é. Nínú kòtò òkúta wa, wọ́n ní kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó mi. Kì í ṣe pé mo ń yangàn. Ẹ ó rí ìdí tí mo fi sọ ọ́.

Mo fi aṣọ nu ojú òkúta náà. Egungun wà nínú rẹ̀.

Mo yára gbé ọwọ́ lé e. Kì í ṣe pé egungun jẹ́ ohun tuntun níbẹ̀. A máa ń rí i: ìkarahun, ẹja wẹ́wẹ́, ewé tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí èyí tí ọmọdé fi há inú ìwé. Ṣùgbọ́n Alága, tó ni kòtò náà, ti pàṣẹ pé òkúta tí egungun bá ti wà nínú rẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ ni kó gbà lọ. Ó ní oníbàárà kò fẹ́ kí òkú máa wo òun láti ilẹ̀ pálọ̀. Ó tún ní ìdí kejì tí kì í sọ síta: bí àwọn ọ̀mọ̀wé bá gbọ́, wọ́n á wá fi okùn yí ibẹ̀ ká, iṣẹ́ á sì dúró. Òṣìṣẹ́ lè gbé àkùfọ́ lọ sílé, ìyẹn kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n àkùfọ́ tó ní egungun ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bi í rí. Èmi náà ò bi í. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo fi àpò bò ó.

Ọmọ mi ni mo rò. Òun nìkan ni mo bí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà náà, ó wà ní kíláàsì àṣekágbá. Láti kékeré ló ti ń ṣa egungun òkúta jọ sínú agolo bísíkíìtì. Eruku ni wọ́n ń pè é ní ilé ẹ̀kọ́, nítorí bó ti wù kí n fọ aṣọ rẹ̀ tó, ìyẹ̀fun òkúta kì í tán lára rẹ̀. Òun náà ti gbà á lórúkọ. Bí ẹ bá pe Eruku, á jẹ́ yín.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ nípa òkúta àti egungun. Àyè kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi lọ́dún. Ìdánwò ló máa ń mú ẹni méjì tó ga jù, àríyànjiyàn ní gbọ̀ngàn ló sì máa ń mú ọ̀kan nínú méjì. Lọ́dún yẹn, ọmọ mi ni ẹnì kìíní. Ẹnì kejì ni ọmọbìnrin Alága, tí wọ́n ń pè ní Agbẹnusọ. Alága yìí kan náà sì ni alága ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ méjèèjì. Ṣé ẹ rí bí ọ̀nà ti tóóró tó. Ikọ́ eruku ti wà láyà mi fún ọdún mẹ́fà. Ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún kò ju ẹyọ kan lọ: kí tábìlì mi má di tábìlì ọmọ mi.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa jiyàn lé lórí ni pé ṣé díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ẹ̀dá ń yí padà láti ọdún gbọọrọ, àbí bí wọ́n ti wà yìí náà ni Ẹlẹ́dàá ti dá wọn lọ́jọ́ kìíní. Wọ́n ṣẹ́ kèké. Ìyípadà bọ́ sọ́wọ́ ọmọ mi.

Nígbà tí mo gbé òkúta náà délé, ó kúnlẹ̀ tì í lórí ilẹ̀ yàrá wa, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ gbá ojú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bi mí bóyá ẹja ní ọrùn. Mo ní níbo ni ẹja ti fẹ́ rí ọrùn, ṣé ìlẹ̀kẹ̀ ló fẹ́ so sí i ni. Kò rẹ́rìn-ín.

"Èyí ní," ló wí.

Ó di apá mi mú. Ó fi ìka tẹ̀ mí láti èjìká dé ìgúnpá, ó ní egungun kan. Ó tẹ̀ mí láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, ó ní egungun méjì. Ó wá gbé ìka kan náà lé lẹbẹ ẹja tó wà nínú òkúta. Kan. Lẹ́yìn náà, méjì. Ọrùn ọwọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni òkúta tán. Ibẹ̀ ni ayùn ti gé e.

"Ẹ̀dá àárín nìyí, Màámi. Ìpẹ́ ẹja ló wà lára rẹ̀, àmọ́ ó ti ń fi apá ti ara rẹ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀. Tíṣà sáyẹ́ǹsì wa ti sọ rí pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n."

Mo ní kó rẹ ohùn sílẹ̀. Mo lọ pa fèrèsé dé. Mo bi í bóyá ohun tó ń sọ ni pé Ọlọ́run kọ́ ló dá wa. Ó ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀, tíṣà àwọn gan-an kì í jẹun láìgbàdúrà. Ó ní bí Ọlọ́run ti ṣe é ni òun ń wá, kì í ṣe bóyá Ó ṣe é. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ṣùgbọ́n ojú mi rí egungun kan, ó rí méjì, mi ò sì lè sọ pé mi ò rí i.

Lọ́jọ́ kejì mo bẹ Bàbá Òòlù kó yà sílé wa. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn tó ń la òkúta, òòlù kì í sì í kúrò nínú àpò èjìká rẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ó fi ìka kan òkúta náà kó kó kó yíká, ó dẹ etí sí i bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní apá òsì rẹ̀ nípọn ju apá ọ̀tún lọ, nǹkan ṣì wà nínú rẹ̀. Ó ní ká máa rì í sómi lálẹ́, ká máa sá a sóòrùn lọ́sàn-án. Bó bá fi máa di ọjọ́ kẹwàá, á ṣí fúnra rẹ̀ bí ìwé. Bí àwọn àgbà ti ń ṣe é nìyẹn kí ẹ̀rọ tó dé.

Ọmọ mi ní ọjọ́ márùn-ún ló kù.

"Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni Bàbá Òòlù wí. "Ó ti sùn síbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi. Ọjọ́ mẹ́wàá ló wá pọ̀ lójú ìwọ?"

Mo bi Bàbá léèrè ohun tóun rò sí àríyànjiyàn náà. Ó ní Ẹni tó dá a kò pe òun wá wò ó, kí òun là á ni wọ́n ní kí òun ṣe. Ó mu omi, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

A bẹ̀rẹ̀ sí rì í, a ń sá a. Lọ́jọ́ kejì tí a bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi ti ilé ẹ̀kọ́ dé, kò yọ bàtà, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó ti sọ fún wọn ní kíláàsì pé òun ní ẹja tó ní apá. Agbẹnusọ bi í pé níbo ni ọwọ́ rẹ̀ wà. Ó ní ayùn ti gé e. Agbẹnusọ wá ní, lójú gbogbo wọn, pé àbí olè ni ẹja náà ja tí wọ́n fi gé e lọ́wọ́, ó jọ pé ará ilé Eruku ni lóòótọ́. Láti ìgbà náà, bí ọmọ mi bá ti ń kọjá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fa ọwọ́ wọn bọ inú aṣọ, wọ́n á máa mi apá aṣọ tó ṣófo sí i. Kódà ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó ṣe é.

Lọ́sàn-án Sátidé, ó gbé agolo bísíkíìtì rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ó mú òkúta kékeré kan jáde tó ti ní láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹsẹ̀ aláǹgbá ni, ìka rẹ̀ márààrún pé, ó wẹ́ bí eyín òòyà. Ó gbé e sí ibi tí apá ẹja náà ti tán. Ó bá a mu bí ẹni tó wọ̀n ọ́n. Ó kàn ń wò mí.

Mo mọ ohun tó fẹ́. Mo ní òkúta òkè nìyẹn, pupa rúsúrúsú ni. Ti ẹja wá láti ìsàlẹ̀ kòtò, dúdú ni. Láàárín ilẹ̀ méjèèjì, àkàbà mẹ́ta la máa ń sọ̀ kalẹ̀. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́.

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ojú kò lè mọ iṣẹ́ yín."

Mo ní irọ́ ni.

"Kì í ṣe irọ́, Màámi. Ọwọ́ wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ayùn wọn ló gé e. A kàn fẹ́ dá a padà fún un ni."

Mo ronú sí i. Rárá, mi ò ronú. Mo wo ojú ọmọ mi, mo rántí tábìlì mi, mo sì gbé ọ̀bẹ. Mo po ìyẹ̀fun dúdú mọ́ gọ́ọ̀mù, mo fi bo pupa tó yí ìka náà ká, mo ki ẹsẹ̀ aláǹgbá mọ́ ọrùn ọwọ́ ẹja. Mo ha á, mo tún ha á. Nígbà tí mo parí, èmi tí mo ṣe é gan-an, mo wá ibi tí mo ti lẹ̀ ẹ́, mi ò rí i. Iṣẹ́ tó dára jù tí mo ṣe láyé mi nìyẹn. Inú mi dùn. Mi ò gbọdọ̀ fi ìyẹn pa mọ́, inú mi dùn. A kò rì í sómi mọ́, nítorí gọ́ọ̀mù.

Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé e lọ fún tíṣà sáyẹ́ǹsì. Ó ní tíṣà gbé awò sójú, ó tẹjú mọ́ ọn. Ó ní tíṣà bi òun lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé bí ó ti jáde nínú ilẹ̀ nìyí. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni òun dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ àríyànjiyàn, Alága fún àwa òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ìsinmi wákàtí mẹ́ta ká lè wá wo bí ọmọ òun yóò ti borí. A wọ gbọ̀ngàn tàwa ti aṣọ iṣẹ́, wọ́n ní ká dúró lẹ́yìn, ká má fi eruku ba àga jẹ́. Bàbá Òòlù dúró tì mí, àpò rẹ̀ léjìká. Alága jókòó níwájú, ife omi wà lórí tábìlì rẹ̀.

Agbẹnusọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó mọ̀ ọ́n sọ. Ó ní Ẹlẹ́dàá dá oníkálukú gẹ́gẹ́ bí ó ti wà, ewúrẹ́ kò bí ajá rí. Ó ní bí ẹja bá di aláǹgbá lóòótọ́, kí wọ́n mú èyí tó wà láàárín wá kí gbogbo ayé rí i. Ó ní òun ti ka ìwé tíṣà sáyẹ́ǹsì, láàárín ẹ̀dá kan àti ìkejì, àfo ló pọ̀ níbẹ̀. "Àfo ni wọ́n ń rí," ló wí, "àfo náà ni wọ́n sì ní kí a gbà gbọ́." Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ títí.

Ọmọ mi dìde. Wọ́n ń mi apá aṣọ sí i láti ẹ̀yìn, ó ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Ó bi wọ́n pé ta ló ní fọ́tò bàbá tó bí bàbá bàbá rẹ̀ nínú wọn. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ó ní ṣé ìyẹn wá fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò bí i ni. Ó ní àfo nínú ìwé kì í ṣe àfo nínú ayé, ohun tí a kò tíì rí la ń pè bẹ́ẹ̀. Mo rí i tí àwọn àgbà kan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ká ló dúró síbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ṣí aṣọ lójú òkúta, ó ní ti òní kì í tilẹ̀ ṣe àfo.

Gbogbo wọn rọ́ wá wò ó. Àwọn tó ń mi apá aṣọ yọ ọwọ́ wọn jáde. Agbẹnusọ fúnra rẹ̀ na ìka, ó fi kan ọrùn ẹja náà jẹ́jẹ́, ó sì yára fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí nǹkan jó. Mo gbà pé ó ti bọ́ síbẹ̀, mo gbà pé àyè náà ti di ti ọmọ mi.

Alága ní kí wọ́n gbé e súnmọ́ òun.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé kí ó tó di Alága, ó ti fi ọdún méje la òkúta. Ó fi àtàǹpàkò ra apá ẹja náà lọ sókè, ó rà á wá sí ìsàlẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ló gbé ife omi, ó rọra dà á sórí òkúta náà bí ẹni ń bomi rin òdòdó.

Kò sí ọmọ kòtò tí kò mọ ohun tí omi ń ṣe. Òkúta máa ń mu omi, á ṣókùnkùn. Gọ́ọ̀mù kì í mu ún. Omi wọ orí ẹja, ó wọ ọrùn, ó wọ egungun kan, ó wọ egungun méjì. Ní ọrùn ọwọ́, ó dúró lókè ní kíkán kíkán, bí òógùn lójú ẹlẹ́ṣẹ̀.

"Ẹ máa bọ̀, ẹ̀yin ọmọ," ni Alága wí. "Ẹ wá wo ẹlẹ́dàá tuntun. Ẹja yìí hu ọwọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ abẹ́ ibẹ̀, ó fi tú u. Ẹsẹ̀ aláǹgbá já sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Ó gbé e yí gbogbo ìlà àga iwájú ká kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun kò rí i. Kò kánjú rárá.

Tíṣà sáyẹ́ǹsì dìde. Ó ní ọwọ́ irọ́ ni, òun gbà, ṣùgbọ́n ẹja òtítọ́ ni, kí wọ́n jọ̀ọ́ wo ọrùn, kí wọ́n wo apá.

"Tíṣà," ni Alága wí, "ẹni tó purọ́ fún ẹ nípa ìka, báwo lo ṣe mọ̀ pé kò purọ́ nípa apá?"

Títí di òní, mi ò tíì rí ẹni tó ní èsì ìbéèrè yẹn.

Alága wá bi ọmọ mi pé ta ló lẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ni. Alága rẹ́rìn-ín, ó ní ọwọ́ tó lẹ èyí ti pé ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́nu iṣẹ́. Ó pè mí. Mo rìn láti ẹ̀yìn dé iwájú, ẹsẹ̀ mi ń fa eruku sílẹ̀ lórí ilẹ̀ dídán náà, mo sì ń ronú pé ó yẹ kí n tọrọ àforíjì nítorí ilẹ̀.

"Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìyí?"

Ọmọ mi wò mí. Kò ṣẹ́jú sí mi, kò mi orí. Ó kàn wò mí bí ìgbà tó gbé agolo wá bá mi. Mo ro iṣẹ́ mi. Mo ro oògùn ikọ́. Ẹ̀rù bà mí, òtítọ́ ibẹ̀ nìyẹn, ẹ̀rù bà mí.

"Èmi kọ́, sà."

Ó gbé ojú kúrò lára mi. Láti ọjọ́ náà, kò tíì wò mí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Alága ní ó dára. Ó mọ̀ pé irọ́ ni mo pa, mo rí i lójú rẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn nínú. "Bí kì í bá ṣe tìrẹ, kò ní dùn ọ́," ló wí. "Gba òòlù lọ́wọ́ Bàbá, kí o bá wa fọ́ ọ, kó má tún tan ọmọ ẹlòmíràn jẹ."

Bàbá Òòlù kò kọ́kọ́ ṣí àpò rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, a kì í fọ́ ohun tí a kò tíì là." Alága kàn na ọwọ́. Nígbà tó ṣe, arúgbó náà gbé òòlù fún mi, ó sì kọ ojú sí ògiri.

Mo lù ú lẹ́ẹ̀kan, orí ẹja lọ. Mo lù ú lẹ́ẹ̀kejì, ọrùn lọ. Ọmọ mi ké bí ẹni tí ilẹ̀kùn há mọ́ ìka. Mo lù ú lẹ́ẹ̀kẹta, apá òsì tó nípọn yẹn sì ṣí.

Ó ṣí bí ìwé. Apá kejì wà nínú rẹ̀. Egungun kan. Egungun méjì. Ọrùn ọwọ́, kéékèèké bí èkùrọ́ tí a tò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìka. Mo kà á, méje ni, ìka méje, ó dúdú bí òkúta tó yí i ká, gọ́ọ̀mù ẹnikẹ́ni kò kàn án rí. Ó pé bí ìgbà tí ènìyàn bá mí sínú lẹ́ẹ̀kan ni mo fi rí i ní odidi. Lẹ́yìn náà, ibi tí òòlù mi ti bà á já, ó sì ya lulẹ̀.

Tíṣà ti rí i. Ó wólẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá a jọ. Agbẹnusọ tó dúró nítòsí náà rí i. Ó tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀, mo sì rò pé yóò sọ òtítọ́. Ó yíjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ wá wò ó. Wọ́n tún ti lẹ òmíràn síbẹ̀. Ìyẹn ní ìka méje."

Ẹ̀rín tó sọ nínú gbọ̀ngàn náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Àyè ilé ẹ̀kọ́ gíga bọ́ sọ́wọ́ Agbẹnusọ. Wọ́n yọ tíṣà sáyẹ́ǹsì lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní ó fi ẹ̀tàn kọ́ ọmọ. Kí ó tó kúrò nílùú, ó wá sílé wa. Kò bú wa. Ó gbé ohun tó ṣẹ́kù nínú ìka méje náà wá nínú páálí ìṣáná, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan fún ọmọ mi: pé ọrùn yẹn nìkan tó. Ó ní bí ó bá gbé ẹja aláìlọ́wọ́ wá, tó ní, "Ibí ni mo mọ̀ ọ́n dé, èyí tó kù mi ò rí i," ì bá borí. Ó ní èsì tó fún wọn nípa fọ́tò yẹn náà ni ì bá tún fún wọn nípa ọwọ́. Ó kí mi, ó jáde. Ì bá sàn kó bú wa.

Alága kò lé mi. Ohun tí mo fi "èmi kọ́" rà nìyẹn. Nígbà tí ọmọ mi kàwé tán tí ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan kò gbà á, nítorí lẹ́tà tí wọ́n fi sínú ìwé rẹ̀ pé ẹlẹ́tàn ni, Alága ránṣẹ́ sí i. Ó ní òun jẹ́ aláàánú, pé níwọ̀n ìgbà tó ti sọ lójú gbogbo ènìyàn pé òun ló lẹ̀ ẹ́, kó wá máa lẹ̀ ẹ́ lọ. Wọ́n gbé tábìlì kejì sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Ó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí. Ó ti mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ. Láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ló ti ń húkọ́.

Kò tíì bi mí rí nípa ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà. Èmi náà ò tíì bẹ̀ ẹ́. A máa ń sọ̀rọ̀ nípa gọ́ọ̀mù.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó máa ń ṣí páálí ìṣáná yẹn, á to egungun wẹ́wẹ́ náà sórí aṣọ funfun. Àwọn kan ti fọ́ nù, àlàfo wà láàárín ìka kẹta àti ìkẹrin, ọ̀kan kò ní orí. Gọ́ọ̀mù wà lórí tábìlì níbẹ̀, ìyẹ̀fun òkúta sì wà. Lọ́jọ́ kan, mo ní ṣé kí n bá a kì í. Kò gbé ojú sókè.

"Rárá, ẹ jẹ́ kó ṣófo," ló wí. "Ibẹ̀ ṣófo ni."

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, mi ò ní ìwé tó pọ̀, èyí tí mo mọ̀ rèé. Bí ẹ bá ní òtítọ́ tí kò pé, ẹ gbé e jáde bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì sọ ibi tó kù sí. Irọ́ kékeré tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ ọn kò ní jẹ́ kó pé, òun ni omi máa kọ́kọ́ rí, wọ́n á sì torí rẹ̀ fọ́ gbogbo rẹ̀. Àti ẹ̀yin òbí: bí ọmọ yín bá gbé irú rẹ̀ wá bá yín, ẹ má gbé ọ̀bẹ. Bí ẹ bá sì ti gbé e, lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ẹ̀yin ni.

Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́.